Ọ̀sán kan ní Granada: abọ́ kékeré, ìjókòó gbọọrọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti délé ni gbogbo ayé ti ń bi mí pé kí ni mo jẹ ní Spéìn, ṣé mo rí àmàlà jẹ, ṣé ebi ò pa mí, títí kan ìyá tó ń ta ata fún mi l'Ọ́jà Ọba, torí náà ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi lè sinmi. Mi ò ní sọ ti gbogbo ìrìnàjò náà, ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ sọ, ọ̀sán tá a jókòó sídìí oúnjẹ láti aago méjì kọjá díẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, tẹ́nikẹ́ni ò wojú wa bíi pé ká gbéra.

Granada nìlú náà ń jẹ́, apá gúúsù Spéìn ló wà, ní Andalucía, àwa tá a ṣe ilé kéwú mọ orúkọ yẹn dáadáa, Al-Andalus táwọn alfa wa máa ń dárúkọ nínú wáàsí náà ni, ilẹ̀ Spéìn táwọn Mùsùlùmí jọba lé lórí láyé àtijọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ka yunifásítì n'Ílọrin ló ń gbébẹ̀, ọmọ Ọ̀fà ni, ó ń kàwé sí i níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kejì, ọmọ Òmù-Àrán, Madrid ló ti ń ṣiṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ayára wá bá wa. Àwa mẹ́ta, yàrá kan la jọ gbé ní Tanke nígbà yẹn, sítóòfù kan la jọ ń lò, kẹrosíìnì rẹ̀ la sì máa ń tìtorí ẹ̀ jà. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tá ò tíì jọ jókòó pọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka máàkì tí mo fún wọn, ó ṣeé ṣe kí inú dídùn ti bá wọn fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ náà.

Ilé oúnjẹ ọ̀hún, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo máa bú wọn díẹ̀ bó bá yá. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Realejo ló wà, òpópónà tóóró kan tí mọ́tò ò lè gbà, bíi ti ẹ̀yìn Pákàtà níbi tó jẹ́ pé tí ọ̀kadà méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn. Inú ilé ò gbà ju ogún èèyàn lọ, wọ́n wá tẹ́ tábìlì mẹ́rin síta.

Kó tó di pé a débẹ̀, ebi ti ń pa mí láti aago méjìlá. Ọmọ Ọ̀fà ní kí n fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lásìkò yẹn, mo rò pé ahun ló ń ṣe. Àṣé òótọ́ ni. Aago méjì sí mẹ́rin ni wọ́n ń jẹ ọ̀sán, tó o bá pẹ́ jùyẹn lọ, níbi tó pọ̀, ìdáná ti paná, ó di alẹ́, alẹ́ tiwọn sì rèé, aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń jẹun. Mo ní irú ayé wo lèyí, àfìgbà tí mo yẹ àkókò ìrun wò lórí fóònù mi. Oṣù May la wà, Àyìlá ò wọlé títí aago méjì fi kọjá! Oòrùn ò tíì kan àtàrí. Ohun tó fà á ni pé lọ́dún 1940, ìjọba Franco, ọ̀gágun tó ń ṣàkóso wọn nígbà yẹn, sún aago gbogbo Spéìn síwájú kó lè bá ti Jámánì dọ́gba, wọn ò sì dá a padà mọ́ títí dòní, bẹ́ẹ̀ tá a bá fi ibi tí ilẹ̀ wọn wà ṣe é, ti London ló yẹ kí wọ́n máa lò. Nítorí náà aago méjì tiwọn, ọ̀sán gangan tiwa ni. Ikùn wọn ò ṣìnà, aago ló ń parọ́. Mo kírun tán kí n tó kúrò nílé ọmọ Ọ̀fà, ọkàn mi balẹ̀ pé kò tún síṣẹ́ kankan lọ́rùn mi títí di Alásàrí, ìyẹn sì di nǹkan bí aago mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé tapas fẹ́ni tí ò bá mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe orúkọ oúnjẹ kan pàtó. Abọ́ kékeré kékeré ni, oúnjẹ tó bá wù wọ́n ló lè wà nínú ẹ̀. Ìdérí ni tapa túmọ̀ sí lédè wọn, ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé láyé àtijọ́ wọ́n máa ń mú búrẹ́dì tàbí ẹran pẹlẹbẹ kan dé ife ọtí kí eṣinṣin má baà kó sí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ìdérí mọ́ ọtí. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ àlọ́, èmi ò sí ńbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Spéìn, owó lo máa fi rà á. Ṣùgbọ́n Granada yàtọ̀: o ra nǹkan mímu, wọ́n á gbé abọ́ kan tì í fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, o tún ra ìkejì, abọ́ mìíràn á tún dé, kò sì ní jẹ́ irú ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọtí nìkan o, kódà tó bá jẹ́ mínírà lo rà. Nígbà tí ọmọ Ọ̀fà kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí fóònù mo ní irọ́ ni, ọmọ ọlọ́jà lèmi, mo mọ̀ pé ẹni tó bá fún ẹ ní ènì ti mọ ibi tó máa gbà á padà. (Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí tá a bá dé ìdí búrẹ́dì.)

Bá a ṣe wọlé, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹsẹ̀ ẹran tí wọ́n so mọ́ àjà, ó tó ogún, pátákò wọn dúdú, ife rọ́bà kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń gba ọ̀rá tó bá kán. Mo ní áà, iléyá ti dé níbí kẹ̀! Ọmọ Òmù-Àrán bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Ìyá Ìbejì, ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo ìyẹn o, rọra gbé gèlè ẹ sísàlẹ̀." Mo sún àga mi jìnnà kí ó má baà kán sí mi lórí. Jamón ni wọ́n ń pè é, iyọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n á wá fi kọ́ sáfẹ́fẹ́ fún oṣù lórí oṣù, òmíì tiẹ̀ ju ọdún méjì lọ, wọ́n sì ń fi í yangàn bá a ṣe ń fi àmàlà yangàn. Ọmọ Ọ̀fà sọ nǹkan kan fún mi tó mú kí n wo ẹsẹ̀ ẹran yẹn lójú mìíràn. Ọdún 1492 ni Granada bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọba Kìrìsìtẹ́nì, ọdún yẹn náà ni wọ́n lé àwọn Júù, Realejo tá a jókòó sí yìí, àdúgbò Júù ni tẹ́lẹ̀, nígbà tó sì yá ó kan àwọn Mùsùlùmí, wọ́n ní kí wọ́n yí ẹ̀sìn padà tàbí kí wọ́n fìlú sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti yí padà tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, òun ni wọ́n ń fura sí. Èmi wá jókòó síbẹ̀ tèmi tìbòrí lórí mi, ní ọdún ẹgbẹ̀rún méjì lé, mò ń pàṣẹ ẹja. Kò sí ohun tí Olúwa ò lè ṣe.

Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún wa, bàbá àgbà ni, irun orí ẹ̀ funfun báláú. Bó ṣe na mẹ́nù sí mi báyìí, orúnkún mi ti fẹ́ kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ tábìlì, ó bi ọmọ Ọ̀fà pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Látìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tó bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń wolẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Nǹkan mímu: ọmọ Òmù-Àrán gba bíà kékeré tí wọ́n ń pè ní caña, ọmọ Ọ̀fà gba omi onígáàsì, èmi gba mosto, omi èso àjàrà tí kò ní ọtí nínú, ó dùn ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì tutù dáadáa. Yúrò mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣẹ́ ẹ sí náírà o, èmi ṣẹ́ ẹ, òǹgbẹ tó ń gbẹ mí sì lọ fúnra ẹ̀. Ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ tó dé ni ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n dín, kò ju ìka ọwọ́ lọ, o máa fún ọsàn kíkan sórí ẹ̀ lo máa jẹ ẹ́ torítorí. Gbígbẹ kánrinkánrin, kò gba òróró dání rárá. Ìkejì ni wàràkàṣì tí wọ́n fi wàrà àgùntàn ṣe pẹ̀lú èso ólífì, àwọn ènìyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀, Manchego, ó le, ó ní iyọ̀, kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jẹ wàrà táwọn ìyá Fúlàní ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n wá bá a dín in pẹ̀lú ata, kò lè bá mi jiyàn. Ìkẹta ni ẹ̀wà yíyípo kan tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ sè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ti edé. Èyí kì í ṣe ọ̀fẹ́, a pàṣẹ rẹ̀ ni, yúrò méjìlá. Ó dé nínú ìṣaasùn amọ̀ pẹlẹbẹ kan, òróró inú ẹ̀ ṣì ń hó, ó ń dún ṣìììì bí ìgbà tí àkàrà àkọ́kọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú agbada, òórùn aáyù sì ti dé ọ̀dọ̀ wa kí bàbá tó dé. Ó gbé e kalẹ̀, ó ta ọwọ́ sí wa pé ká má fọwọ́ kàn án. A dúró. Aáyù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ ń yípo lórí òróró, etí rẹ̀ ti pọ́n, ata gbígbẹ méjì wà níbẹ̀, edé náà funfun tó fẹ́ máa pupa, wọ́n ká jọ bí etí ọmọ tuntun. Mo kà wọ́n. Mẹ́jọ. Edé mẹ́jọ, èèyàn mẹ́ta! A jẹ méjì méjì, ó ku méjì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó. Ọmọ Òmù-Àrán ní òun làgbà. Ọmọ Ọ̀fà ní òun lonílé. Èmi ní àlejò ni mí, ẹ̀sìn gan-an sọ pé ká tọ́jú àlejò. Ibi tá a ti ń ro ẹjọ́ yìí ni ọmọ Òmù-Àrán ti fi píkì gún ọ̀kan, bó ṣe máa ń fa ẹran mi yọ lábẹ́ àmàlà ní Tanke nìyẹn, kò yí padà, ọdún mẹ́sàn-án àti ilẹ̀ òyìnbó ò ṣe nǹkan kan sí i.

Ṣùgbọ́n òróró tó kù nísàlẹ̀ ni oúnjẹ gan-an, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ fi búrẹ́dì nù ún. Ìṣaasùn yẹn sì jọ mí lójú, mo gbé e sókè nígbà tó tutù, mo wo ìdí ẹ̀, ó jọ ti àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ebu Dada l'Ókèlele, n'Ílọrin, bí ẹni pé ìyá kan náà ló mọ wọ́n, àfi pé ti Spéìn ń dán nínú, tiwa kò ń dán. Mo sọ fún wọn pé tí mo bá délé, mo máa lọ bá àwọn ìyá yẹn kí wọ́n mọ irú ẹ̀ fún mi, wọ́n ní mi ò ní lọ. Mo lọ o, ẹ óò gbọ́.

Ohun tó wá gba ọkàn mi jùlọ lórí tábìlì yẹn, ìgbá ni. Ìgbá òyìnbó, èyí tó gùn tó dúdú bí aró, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dín in, wọ́n wá ta omi ìrèké tí wọ́n sè títí tó fi dúdú tó sì ki bí oyin sórí ẹ̀. Yúrò mẹ́sàn-án. Mo kọ́kọ́ yọ ṣùtì, mo ní ta ní ń fi oyin jẹ ìgbá, ẹnu kan péré ni mo jẹ ni mo dákẹ́, torí ó ní iyọ̀, ó ní adùn, ó rọ̀ nínú, ó ń fọ́ lẹ́nu lóde. Ọmọ Ọ̀fà ní kí n ka orúkọ rẹ̀ sókè nínú mẹ́nù: berenjena. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ojú mi tó là, bádhinjān tí alfa wa kọ́ wa nílé kéwú ni! Ó ní kí n máa wo ìyókù. Òróró, aceite, az-zayt. Ṣúgà, azúcar, as-sukkar. Ìrẹsì, arroz, ar-ruzz. Ó tiẹ̀ ní tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé "ìbá dára kó rí bẹ́ẹ̀", ojalá ni wọ́n ń sọ, orúkọ Ọlọ́run Lárúbáwá ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó ń sọ ọ́ ò sì ronú kàn án mọ́. Mo ní àwa náà dà, àlùbọ́sà wa tá à ń rẹ́ lójoojúmọ́, al-basal ni, ọ̀dọ̀ Haúsá ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn la ti lọ wo Alhambra, ààfin àwọn ọba Mùsùlùmí tó wà lórí òkè, gbogbo ara ògiri ni wọ́n fín in sí pé kò sí aṣẹ́gun kan àfi Allah, mo kà á títí ọrùn fi ro mí, kò ṣe mí bí ìgbà tí mo rí ìgbá yẹn nínú mẹ́nù. Ti ògiri, àwọn tó ń wòran ló ń lọ wò ó. Ti ìgbá, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ n bú wọn wàyí. Látìgbà tá a ti jókòó ni ọmọ Ọ̀fà ti sọ fún bàbá pé àwa méjì ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, bàbá náà mi orí, ó ní ó yé òun. A wá pàṣẹ salmorejo, ọbẹ̀ tòmátò tútù tí wọ́n fi búrẹ́dì àti òróró lọ̀ papọ̀ tó fi ki bí ẹ̀kọ, ìlú Córdoba ló ti wá. Ó dé, ó rẹwà, ẹyin sísè wà lórí ẹ̀, àwọn nǹkan pupa wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin, èmi rò pé ata ni, ìwọ ọmọ Yorùbá, kí lo tún máa rò nǹkan pupa wẹ́wẹ́ sí? Síbí ti dé ètè mi ni ọmọ Òmù-Àrán pariwo "Dúró!", gbogbo ilé wo wa. Jamón ni. A pe bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó sọ o, ó ní kì í ṣe ẹran mà ni, jamón lásán ni, kò sì pọ̀. Kò ṣe é pẹ̀lú ìkà, ojú ẹ̀ fi hàn pé ó gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ó ní ká má bínú, ó gbé òmíì tí kò ní i wá, kò sì gba owó èyí àkọ́kọ́, ọmọ Òmù-Àrán ló bá wa yanjú ìyẹn. Síbẹ̀ mo bínú. A ti sọ ọ́, ó ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ ò jẹ ẹran, kò ní yé wọn, ẹ sọ pé "sin cerdo", ìyẹn láìsí ẹlẹ́dẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi "sin jamón" lé e, torí wọ́n máa ń fi sínú nǹkan tí ò yẹ kó wà rárá, nínú ẹ̀wà tútù, nínú bọ́ọ̀lù díndín tí wọ́n ń pè ní croqueta, nínú ọbẹ̀ ẹ̀wà. Ẹja àti ẹ̀fọ́ ló dájú díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹran halal gan-an lẹ fẹ́, ẹ gba òpópónà Calderería Nueva lọ, ìsọ̀ àwọn ará Morocco kún ibẹ̀, wọ́n ní tíì eléwé míńtì tó dára.

Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Ó mọ́, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n iná ibẹ̀, ó ń paná fúnra ẹ̀ tó bá ti pẹ́ díẹ̀. Mo wà nínú ibẹ̀, ibi tí mo wà ẹ mọ̀ ọ́n, gbàà, òkùnkùn! Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "ẹ̀ẹ́n, wọ́n ti múná lọ." Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́ sókè nínú òkùnkùn kó lè rí mi. Kò sí bútà níbẹ̀ náà, ẹ gbé ìgò omi dání, mo ti sọ tèmi.

Ariwo wọn náà, há! Mo rò pé àwa la lariwo. Ọjà Ìpàtà lọ́jọ́ tí àgbò bá wọ́n ò tó o. Olúkúlùkù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kejì. Lẹ́yìn wákàtí kan èmi náà ti ń pariwo, ó sì dùn mọ́ mi.

Nǹkan bí aago mẹ́rin, oúnjẹ ti tán, abọ́ ti lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó báàgì mi jọ bí ọmọlúàbí, mo rí i pé àwọn tó ń dúró ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ọ̀fà ní níbo lò ń lọ. Ó ní ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Sobremesa ni wọ́n ń pè é, "orí tábìlì" ni ká kúkú túmọ̀ ẹ̀ sí, ìjókòó tí wọ́n máa ń jókòó lẹ́yìn oúnjẹ láti máa sọ̀rọ̀, ó lórúkọ, ó ní àyè tiẹ̀, kò sí wétà tó máa gbé bíìlì wá bá ẹ láì jẹ́ pé o béèrè, ìwà àìmọ̀wàá-hù ni lójú wọn, bí ẹni ń lé àlejò. Mo wò yí ká, lóòótọ́, ìyá àgbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kọ́ọ̀fì wọn ti gbẹ tipẹ́, wọ́n ṣì wà ńbẹ̀, ọ̀kan ń fi ìka yà nǹkan sórí tábìlì fún ìkejì, bóyá ilẹ̀ ni wọ́n ń pín.

Ìgbà yẹn ni ọmọ Òmù-Àrán ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀. A ti mọ̀ pé màmá kú, a ti ránṣẹ́ kí i lórí fóònù lọ́dún yẹn, a ti fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, a rò pé a ti ṣe é tán. Àṣé kò rí ìwé ìrìnnà gbà lásìkò, orí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe sin màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó já níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbé pósí wọlẹ̀, nígbà tó máa padà dé, wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń fi píkì edé wọ́ nǹkan lórí tísù. Màmá yẹn ló máa ń di gààrí àti ẹpo pupa ránṣẹ́ sí wa ní Tanke. A ò rí nǹkan kan sọ. Bàbá orí funfun kọjá, ó wo ojú wa, kò béèrè nǹkan kan, ó gbé jọ́ọ̀gì omi kan àti ife mẹ́ta kalẹ̀, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Mo dárí ọ̀rọ̀ jamón jì í níbẹ̀.

Omi yẹn kò sí lórí bíìlì, òfin kan ti wà láti 2022 tó ní kí gbogbo ilé oúnjẹ máa fúnni ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bíìlì náà rèé: nǹkan mímu mẹ́sàn-án, yúrò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, edé méjìlá, ìgbá mẹ́sàn-án, salmorejo mẹ́fà, búrẹ́dì mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 57, mọ́kàndínlógún mọ́kàndínlógún la dá. Búrẹ́dì wo? A ò pàṣẹ búrẹ́dì. Wọ́n kàn gbé e kalẹ̀ ni, àwa sì fi nu òróró edé. Mo wo ọmọ Ọ̀fà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi tó pọ̀, tó ò bá fẹ́ ẹ, kó o ní kí wọ́n gbé e kúrò kó o tó fọwọ́ kàn án. Ẹ rí ènì tí mo sọ! Ẹ̀bùn owó fún wétà kì í ṣe dandan níbẹ̀ o, a fi sẹ́ńjì díẹ̀ sílẹ̀, bàbá wá gbé ọtí kékeré mẹ́ta wá gẹ́gẹ́ bí ìmoore, mo kọ tèmi, ó padà wá pẹ̀lú ọsàn kan tó ti bó. Bó ṣe ń lọ, ó wo abẹ́ àga mi.

Tí mo bá máa fún wọn ní máàkì, oúnjẹ wọn gba méje nínú mẹ́wàá, edé àti ìgbá nìkan máa gba mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tòmátò fà wọ́n lulẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yó kó má lọ síbẹ̀, mo lọ ra ìrẹsì jẹ lálẹ́. Ẹni tó bá dá nìkan lọ, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju abọ́ kékeré lọ. Ìjókòó wọn, mẹ́wàá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wọn ní mọ́kànlá. Lọ́nà ilé a mu horchata, omi funfun tútù tó dà bíi mílíìkì, wọ́n ní láti Valencia ni àṣà ẹ̀ ti wá, mo tọ́ ọ wò, mo ní ṣùgbọ́n òfíò rèé! Òfíò táwọn Haúsá ń tà nínú kẹ̀kẹ́ ní Gambari náà ni, wọ́n kàn fi ṣúgà kún un. Alásàrí bá wa ní mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà lókè Albaicín, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2003, láti ọgbà ibẹ̀ lo ti máa rí Alhambra níwájú àti yìnyín lórí òkè lẹ́yìn ẹ̀, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ torí kì í ṣe ilé oúnjẹ.

Mo délé tán, mo lọ sí Ebu Dada lóòótọ́, ìyá kan mọ ìṣaasùn pẹlẹbẹ méjì fún mi, ó ní kí ni mo fẹ́ fi sè, mo ní edé mẹ́jọ, ó ní kí n lọ tọ́jú owó mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá kó àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì mìíràn lọ sí búkà kan ní Tanke, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀, mo bẹ madam pé kó bù ú fún wa ní kékeré kékeré, ṣàkì lọ́tọ̀, ìgbín lọ́tọ̀, wàrà díndín lọ́tọ̀, kó má tíì ro àmàlà. Madam wò mí. Ó ní "Àǹtí, ṣé ẹ ń kó ọmọdé bọ̀ ni?" Ó ṣe é ṣá, Ọlọ́run á sàn án fún un, ó sì dùn, ìgbín yẹn ju gbogbo ohun tí mo jẹ ní Granada lọ. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí ọkùnrin kan gbé abọ́ dání dúró sẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ èémí ẹ̀ létí. Madam ní "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹun tán, ẹ dákun ẹ sún síta, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ lábẹ́ igi."

A sún síta. Igi máńgòrò ni, bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti kán wà lábẹ́ ẹ̀, a fi búlọ́ọ̀kù tì í, a sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe Alásàrí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni madam rán ọmọ wá gba abọ́ ẹ̀.